Ṣé dandan ni kí ọkọ fọwọ́ sí i? Ìtọ́sọ́nà fún obìnrin tó fẹ́ yá owó lórúkọ ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí mi láti Houston, láti Maryland, láti Chicago àti Atlanta. "Mo fẹ́ gba kírẹ́dìtì káàdì, wọ́n ní kí n lọ mú ọkọ mi wá kó fọwọ́ sí i. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn?" Ẹlòmíì, ọkọ rẹ̀ ló kú, tí báǹkì wá ní kó tún fọ́ọ̀mù kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì wà nínú oyún, ẹni tó ń bá a ṣètò mọ́gééjì (owó tí wọ́n ń yáni ra ilé) sì ń bi í bóyá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ tó bá bímọ tán. Mo ti dá ọ̀pọ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ sójú kan báyìí kí ẹ lè máa fi ránṣẹ́ síra yín.

Ìdáhùn kúkúrú rèé: tí owó tó ń wọlé fún yín àti bí ẹ ṣe ń san gbèsè bá ti tó ohun tí báǹkì ń wá, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi dandan lé e pé kí ọkọ yín fọwọ́ sí i. Òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ ni Equal Credit Opportunity Act, tí wọ́n ń gé kúrú sí ECOA. Ààrẹ Gerald Ford ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 28 oṣù October 1974. Jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, àti ipò ìgbéyàwó, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní 1976 ni wọ́n fi ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè téèyàn ti wá, ọjọ́ orí àti owó ìrànwọ́ ìjọba kún un. Ìlànà tó túmọ̀ òfin náà ní kíkún ni Regulation B. Ẹ mú orúkọ méjèèjì yìí dání, ẹ ó lò wọ́n.

Gbogbo ẹni tó bá ti fi yíyáni lówó ṣe iṣẹ́ ni òfin yìí dè: báǹkì, credit union (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń yáni lówó), ilé ìtajà tó ń fúnni ní káàdì, ilé iṣẹ́ tó ń yáni lówó ra mọ́tò, àti àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ó dáàbò bo ọkùnrin náà. Wọn kò gbọdọ̀ ní kí ọkùnrin lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá bí owó tirẹ̀ bá tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣiṣẹ́. Equality Act 2010 ti ọ̀dọ̀ yín dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ ẹni tó ń yáni lówó, ṣùgbọ́n ààbò tó ṣe fún ẹni tó ti ṣègbéyàwó kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yáwó. Amẹ́ríkà nìkan ni mo ń sọ láti ìhín lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ:

- Credit report yín, ìyẹn ìwé tó ń ròyìn gbèsè tí ẹ jẹ àti bí ẹ ṣe ń san án. Ọ̀fẹ́ ni ní annualcreditreport.com. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú rẹ̀: Equifax, Experian àti TransUnion. Ẹ wo ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ohun tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì.
- Ìwé owó oṣù, W-2 (ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye tí ẹ gbà lọ́dún), tàbí ìwé owó orí tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí IRS. Fún mọ́gééjì, ẹ mú ti ọdún méjì.
- Ìwé tó fi orúkọ yín hàn. Ẹ wò ó bóyá orúkọ tó wà lórí káàdì Social Security bá ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mu.
- Ìwé àṣẹ ìgbélùú yín. Òfin gba ẹni tó ń yáni lówó láyè láti wo bóyá èèyàn ní green card tàbí físà tó ń parí láìpẹ́.
- Ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí: ọjọ́, orúkọ òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn, àti ohun tó sọ gan-an.

Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló ti ń dá èsúsù látọjọ́ pípẹ́ tí wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ credit report wọn ṣófo. Owó èsúsù kì í dé etígbọ̀ọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta yẹn. Bákan náà ni owó iná, owó omi àti káàdì tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń san án. Ilẹ̀kùn méjì lòfin ṣí fún yín níbẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í lò ó.

Èkíní: bí àkáǹtì kan bá jẹ́ àjọní ẹ̀yin àti ọkọ, tàbí tí wọ́n gbà yín láyè láti máa lò ó, ẹ kọ lẹ́tà sí báǹkì pé kí wọ́n máa ròyìn rẹ̀ lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n ní 90 ọjọ́ láti ṣe é. Èkejì: bí àkáǹtì bá wà lórúkọ ọkọ tàbí ọkọ àtijọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ lè fi ìwé hàn pé láti inú àkáǹtì tiyín ni owó ti ń jáde lóṣooṣù, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó wò ó mọ́ ti yín. Dandan ni kó wò ó tí ẹ bá béèrè. Tí ẹ kò bá béèrè, kò ní wò ó.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é, ní ìgbésẹ̀

1. Ẹ pinnu ṣáájú bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ yá owó náà, tàbí ẹ̀yin àti ọkọ. Lórí fọ́ọ̀mù, "individual" ni ti ẹ̀yin nìkan, "joint" ni ti àjọyá. Bí ọkọ bá kàn sìn yín dé ibẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ lójú òṣìṣẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wá béèrè.

2. Ẹ rí i pé ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọ́, ẹ sì fi sílẹ̀. Ibí ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ èèyàn mú. Òṣìṣẹ́ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Màdámù, ẹ lọ bá ọkọ yín sọ ọ́ ná, kí ẹ jọ padà wá." Obìnrin á dìde, á máa lọ. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí lẹ́tà, kò sí àkọsílẹ̀ pé ó wá rárá. Ọ̀rọ̀ tó ń lé èèyàn sẹ́yìn kó tó kọ fọ́ọ̀mù gan-an lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà.

3. Níbi tí wọ́n ti béèrè Miss, Mrs. tàbí Ms., ẹ lè fò ó. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé kò pọn dandan.

4. Ẹ kọ owó tó ń wọlé bó ṣe rí. Mo sọ̀rọ̀ lé e nísàlẹ̀, torí ó ní ẹ̀ka púpọ̀.

5. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlà ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí "co-applicant" (ẹni tí ẹ jọ béèrè), "co-signer" tàbí "guarantor" (onídùúró) tí wọ́n sì tẹ orúkọ ọkọ yín sí i, ẹ dúró. Ẹ béèrè ohun tó gbé e débẹ̀.

6. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ṣe é, ẹ ya àwòrán ojú fóònù ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó fi ọjọ́ hàn.

7. Láti ọjọ́ tí ìwé yín pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka 30 ọjọ́. Láàárín àkókò yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín lésì.

Ohun tí wọn kò gbọdọ̀ bi yín

- Bóyá ẹ ti lọ́kọ, bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń yá owó tí kò sí dúkìá tí ẹ fi dúró fún un. Ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án kan yàtọ̀, mo dárúkọ wọn nísàlẹ̀.
- Bóyá opó ni yín tàbí ẹ ti kọ ọkọ sílẹ̀. Níbi tí òfin ti gbà wọ́n láyè láti béèrè ipò ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n lè lò: "married", "unmarried" àti "separated". Omidan, opó àti ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká, inú "unmarried" ni gbogbo wọn wà.
- Bóyá ẹ ń gbèrò láti bímọ, bóyá ẹ lè bímọ, tàbí bóyá ẹ ń fètò sọ́mọ bíbí.
- Ohunkóhun nípa ọkọ yín, àyàfi tó bá máa lo àkáǹtì náà, tó bá máa jẹ gbèsè rẹ̀, tí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé owó rẹ̀ tàbí owó ìtọ́jú tó ń san, tàbí tí ẹ bá ń gbé nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn, tàbí tí dúkìá tí ẹ gbójú lé bá wà níbẹ̀.

Wọ́n lè béèrè iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín àti ọjọ́ orí wọn, torí oúnjẹ àti owó ilé ìwé ń jẹ owó, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè béèrè gbèsè tí ẹ ń san lọ́wọ́, títí kan owó ìtọ́jú ọmọ tí ẹ̀yin fúnra yín ń san.

Mọ́gééjì ní ohun kan tó máa ń da àwọn èèyàn lójú rú. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ á béèrè ẹ̀yà yín, bóyá obìnrin ni yín tàbí ọkùnrin, àti ipò ìgbéyàwó. Ìjọba ló ní kí wọ́n béèrè é láti lè máa ṣọ́ àwọn báǹkì bóyá wọ́n ń ṣojúsàájú. Kì í ṣe dandan kí ẹ dáhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wà níwájú òṣìṣẹ́ tí ẹ kò dáhùn, á fi ojú tàbí orúkọ ìdílé yín kọ ẹ̀yà yín àti bóyá obìnrin tàbí ọkùnrin ni yín sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ dáhùn, torí àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń mú ẹni tó ń ṣe èrú.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ọkọ

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ ra mọ́tò. Owó oṣù rẹ̀ tó, kò jẹ gbèsè tó pẹ́ rí, owó ìdáwọ́lé sì wà nínú àpò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló wà á débẹ̀ torí pé mọ́tò àtijọ́ ti kú. Òṣìṣẹ́ tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó tẹ ìwé jáde, ó yí i kọjú sí wọn, ó sì fi bírò tọ́ka sí ìlà méjì nísàlẹ̀: "Ẹ̀yin níbí, ọ̀gá níbí." Ọkọ mú bírò, ó fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ yá owó kankan. Láti ìṣẹ́jú yẹn, gbèsè mọ́tò ti wọ credit report tirẹ̀, ó sì ti di onígbèsè mọ́tò tí kò rà. Bí òun náà bá fẹ́ yá owó lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á yọ owó mọ́tò yìí kúrò nínú ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Ìyàwó náà pàdánù: mọ́tò tó lágbára láti dá rà ti di ohun tí òun àti ọkọ jọ jẹ gbèsè rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá sì dàrú lọ́la, àwọn méjèèjì ni báǹkì yóò máa lé.

Ohun tó yẹ kó sọ kò le: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan ni mo kọ fọ́ọ̀mù. Ṣé owó tó ń wọlé fún mi kò tó ni? Bí kò bá tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi." Kí ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kí ẹ sì dúró de èsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ á kàn tún ìwé náà tẹ̀.

Àwọn ibi tí wọ́n ti lè béèrè ìfọwọ́sí ẹlòmíì lọ́nà tó bófin mu rèé:

*Owó yín nìkan kò tó.* Wọ́n lè ní kí ẹ wá onídùúró. Ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ pé ọkọ yín ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín, àbúrò yín, ọ̀rẹ́ yín, ẹnikẹ́ni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀ ló lè ṣe é.

*Owó ọkọ lẹ gbẹ́kẹ̀ lé.* Bí ẹ bá ti kọ owó oṣù rẹ̀ mọ́ tiyín láti lè rí owó náà gbà, ó tọ́ kí wọ́n ní kó fọwọ́ sí i.

*Dúkìá àjọní lẹ fi dúró.* Èyí ló lọ́jú pọ̀ jù. Ká ní ẹ̀yin nìkan lẹ ń yá owó, ṣùgbọ́n ilé tí ẹ fi dúró jẹ́ ti ẹ̀yin àti ọkọ. Báǹkì lè ní kí ọkọ fọwọ́ sí ìwé tó máa jẹ́ kí wọ́n lè gba ilé náà bí ẹ kò bá san. Ìyẹn kò sọ ọ́ di onígbèsè. Ìwé mìíràn ni "promissory note", ìyẹn ìwé tó sọ pé "mo jẹ owó yìí, màá san án". Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ní ilé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ béèrè orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan kí ọkọ tó mú bírò, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àpò ìwé kan ṣoṣo gbá méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

*Ìpínlẹ̀ yín.* Arizona, California, Idaho, Louisiana, Nevada, New Mexico, Texas, Washington àti Wisconsin ka ọ̀pọ̀ ohun tí tọkọtaya ní lẹ́yìn ìgbéyàwó sí ti àwọn méjèèjì. Níbẹ̀, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ ti lọ́kọ. Wọ́n tún lè béèrè ìfọwọ́sí rẹ̀ bí òfin ìpínlẹ̀ kò bá fún yín lágbára lórí dúkìá àjọní tó pọ̀ tó láti gba owó náà, tí ohun tó jẹ́ tiyín nìkan kò sì tó. Ẹ̀yin ará Houston àti Dallas, ẹ fojú sí i: gbígbé ní Texas nìkan kò tó láti fi dandan mú ọkọ yín wá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ mọ́gééjì FHA (èyí tí àjọ ìjọba Federal Housing Administration dúró fún) lẹ ń gbà ní ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, wọ́n á ka gbèsè ọkọ mọ́ tiyín bí kò tiẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ìlànà FHA nìyẹn. Ẹ má bá òṣìṣẹ́ jà lórí rẹ̀.

Owó tó ń wọlé: ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà

Iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́. Ẹ̀yin CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì), ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àgbà nílé, ẹ̀yin onídìrí tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀: wọn kò gbọdọ̀ gé owó yín kù tàbí yọ ọ́ dànù torí pé kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ọjọ́. Wọ́n lè wo iye tó jẹ́ àti bóyá á máa bá a lọ. Ìwé owó orí yín ló máa gbèjà yín, nítorí náà ẹ kọ owó yẹn síbẹ̀ lọ́dọọdún. Owó tí IRS kò gbọ́ nípa rẹ̀, báǹkì náà kò ní gbọ́.

Owó ìtọ́jú ọmọ tàbí owó tí ọkọ àtijọ́ ń san. Wọn kò gbọdọ̀ bi yín bóyá ibẹ̀ ni owó yín ti ń wá, àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ fún yín pé kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ rẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n kà á. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà á, dandan ni kí wọ́n kà á níwọ̀n bó ṣe dájú tó pé yóò máa wọlé. Ẹ mú àṣẹ kóòtù àti ìwé báǹkì tó fi hàn pé ó ń wọlé lóṣooṣù. Ìmọ̀ràn mi: tí owó oṣù yín nìkan bá tó, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nípa ẹni tó ń san án.

Oyún àti ìsinmi ìbímọ. Wọn kò gbọdọ̀ rò ó sílẹ̀ pé obìnrin tó lóyún kò ní padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí pé ọmọ yóò dín owó rẹ̀ kù. Wọ́n lè béèrè ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ yín ṣì ń dúró dè yín, bí wọ́n á ṣe béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó wà ní ìsinmi nítorí iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ bímọ, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ wá padà wá gba mọ́gééjì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Fair Housing Act, òfin tó lòdì sí ìṣojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ ilé, náà ka èyí léèwọ̀, HUD, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, sì ti bá àwọn tó ń yáni lówó ra ilé fa irú ẹjọ́ yìí, tí wọ́n fi san owó gbà-máà-bínú fún àwọn obìnrin tó wà ní ìsinmi ìbímọ.

Ìyá tó wà nílé. Èyí ló ń yani lẹ́nu jù. Láti 2013, ní ti kírẹ́dìtì káàdì, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè kọ owó tí ẹlòmíì ń pa wọlé bó bá ní ìdí tó yè kooro láti máa rí i lò. Bí owó oṣù ọkọ bá ń wọ àkáǹtì àjọní, tàbí tó ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín lóṣooṣù, tàbí tó jẹ́ òun ló ń fi san ìnáwó yín déédéé, ẹ lè kọ ọ́. Bí ọkọ bá ń tọ́jú owó rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ yín kò dé, tí kì í sì í fi san nǹkan kan fún yín, ẹ má kọ ọ́. Irọ́ nìyẹn yóò jẹ́ lórí ìwé.

Orúkọ, ìkọ̀sílẹ̀ àti opó

Ká ní Fọláṣadé Ògúnlẹ́yẹ fẹ́ ọkọ tó ń jẹ́ Túndé Adéyẹmí. Ó lè gba àkáǹtì gẹ́gẹ́ bíi Fọláṣadé Ògúnlẹ́yẹ, Fọláṣadé Adéyẹmí, tàbí Fọláṣadé Ògúnlẹ́yẹ-Adéyẹmí. Báǹkì kò lè yan èyí tó wù ú fún un. Ohun tí Fọláṣadé kò gbọdọ̀ ṣe ni kó máa jẹ́ Ìyáàfin Túndé Adéyẹmí lórí àkáǹtì, torí orúkọ ọkọ ló máa gbé ìtàn gbogbo owó tó ti san lọ. Ẹ yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì lò ó níbi gbogbo.

Bí ìgbéyàwó bá tú ká, tàbí ẹ bá pààrọ̀ orúkọ, wọn kò gbọdọ̀ ti káàdì yín pa, tàbí sọ èlé rẹ̀ di gọbọi, tàbí ní kí ẹ tún fọ́ọ̀mù kọ nítorí ìyẹn nìkan. Wọ́n lè ní kí ẹ tún un kọ bó bá jẹ́ owó ọkọ ni wọ́n wò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fún yín, tí owó tiyín nìkan sì lè má gbé e.

Ìkìlọ̀ tó ń dun mí láti máa sọ léraléra: ìwé kóòtù tó sọ pé "ọkọ ni yóò san gbèsè káàdì" kò de báǹkì. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́dọ̀ báǹkì ni báǹkì mọ̀. Bí ọkọ kò bá san, ẹ̀yin ni wọ́n á pè, credit report yín ni yóò sì bàjẹ́. Kí ìkọ̀sílẹ̀ tó parí, ẹ ti gbogbo àkáǹtì àjọní tó ṣeé tì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa san gbèsè náà lọ yá a tuntun lórúkọ ara rẹ̀ láti fi san èyí tó wà nílẹ̀.

Fún opó: ẹ kọ́kọ́ mọ bóyá onígbèsè àjọní ni yín lórí káàdì náà tàbí "authorized user" lásán, ìyẹn ẹni tí wọ́n kàn gbà láyè láti máa lo káàdì. Tí àkáǹtì bá jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì, ikú ọkọ nìkan kò tó kí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ authorized user ni yín, wọ́n lè ti káàdì náà pa, ẹ má sì lò ó mọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gbèsè tí ẹ kò fọwọ́ sí sábà máa ń wà lọ́rùn ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan lè yàtọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo dárúkọ. Bí agbowó-gbèsè bá pè nígbà tí ẹ ṣì ń ṣọ̀fọ̀, ẹ má ṣèlérí kankan lórí fóònù. Ẹ ní kó fi ìwé ránṣẹ́.

Bí wọ́n bá ní rárá

1. Ẹ retí lẹ́tà láàárín 30 ọjọ́ tí ìwé yín pé. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ̀, ọ̀rọ̀ ECOA, orúkọ àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tó sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí.

2. Bí kò bá sí ìdí nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè láàárín 60 ọjọ́. Wọ́n ní 30 ọjọ́ láti dáhùn. Ohun tí ẹ ó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ju èyí lọ: "Mo gba lẹ́tà yín ti ọjọ́ báyìí. Gẹ́gẹ́ bí ECOA àti Regulation B ṣe wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìdí pàtó tí ẹ kò fi yá mi lówó ránṣẹ́ sí mi." Ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà ìbéèrè. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ ó fi rí ìwé ẹ̀rí pé ó dé.

3. Ẹ wo ìdí náà dáadáa. "Kò bá ìlànà wa mu" kò tó. "Score (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ ṣe ń san gbèsè) yín kò tó" nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: owó tó ń wọlé kéré sí ohun tí ẹ béèrè, tàbí ẹ pẹ́ láti san gbèsè kan.

4. Bí wọ́n bá lo credit report, ẹ ní 60 ọjọ́ láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, bíi gbèsè ọkọ tí wọ́n kọ mọ́ yín lọ́rùn, ẹ ta kò ó.

5. Bí ìdí wọn bá jẹ́ òótọ́, ẹ gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi owó ìdúró gba "secured card", èyí tí ẹ ó kó owó tiyín sílẹ̀ fún, kí ẹ sì máa san án déédéé. Ẹ lọ sí credit union àdúgbò tàbí ti ibi iṣẹ́. Ẹ dín iye tí ẹ ń béèrè kù. Wíwọlé sórí káàdì ọkọ gẹ́gẹ́ bí authorized user ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n bí òun bá ń pẹ́ san, ó lè kó bá yín.

6. Bí ìdí náà bá rùn, ẹ fẹjọ́ sùn: lọ́dọ̀ àjọ tí lẹ́tà dárúkọ, tàbí CFPB, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà nínú ọ̀rọ̀ owó, ní consumerfinance.gov/complaint, tàbí lórí fóònù 855-411-2372. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, ẹ lọ sí HUD kí ọdún kan tó pé. Ọ́fíìsì attorney general (agbẹjọ́rò àgbà) ìpínlẹ̀ yín náà lè gbọ́ ọ.

7. Ẹ wá lọ́yà bó bá le. ECOA fún yín ní ọdún 5 láti gbé e lọ sí kóòtù. Fair Housing Act fún yín ní ọdún 2. Yàtọ̀ sí ohun tí ẹ pàdánù, kóòtù lè fi owó ìyà tó tó 10,000 dọ́là kún un, kí wọ́n sì ní kí ẹni tó jẹ̀bi san owó lọ́yà yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà kan fi ń gba irú ẹjọ́ yìí láìgba owó ṣáájú.

Ohun kan tó ń kó èèyàn sí wàhálà: wọ́n lè má sọ pé rárá. Wọ́n á ní àwọn kò lè fún yín ní 20,000 dọ́là, ṣùgbọ́n àwọn á fún yín ní 8,000. Bí ẹ bá gbà á, kò sí ìkọ̀ nínú òfin mọ́, wọn kò sì jẹ yín ní àlàyé. Ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má sì jókòó lé ọdún 5 yẹn. Oṣù 25 péré ni òfin ní kí ẹni tó ń yáni lówó tọ́jú ìwé ìbéèrè yín lẹ́yìn tó bá fún yín lésì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè dà á nù, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín àti ìwé kékeré tí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ sí nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá ti fẹjọ́ sùn kí oṣù 25 tó pé, tí wọ́n sì ti gbọ́ pé àjọ ìjọba ń wádìí wọn, wọn kò lè da ohunkóhun nù títí ọ̀rọ̀ fi máa parí.